Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Ọ̀sẹ̀ Kan Tó Láti Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mo sì ń gbé. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní ni mo sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ mi ti ra ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún mi, mánúà tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀ rí láyé mi. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí mo lọ bá ní ọ̀nà méjì ni àwọn ń gbà kọ́ èèyàn. Àkọ́kọ́ ni wàràǹṣeṣà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́fà, wákàtí mẹ́rin lójoojúmọ́. Èkejì ni ti díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Owó kan náà ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì. Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ọkàn mi sì ń fà sí wàràǹṣeṣà kí n lè mú un kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, a bá yín yọ̀ fún ọkọ̀ náà, ẹ ó lò ó pẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín, ẹ ó rí i pé wákàtí 24 ni ọ̀nà méjèèjì ń fúnni. Ẹni tó bá wo iye wákàtí àti iye owó nìkan yóò gbà pé ẹni tó parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ló jèrè. Lójú tiwa, àbúrò yín ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní sọ pé kí ẹ tẹ̀lé ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń kọ́ kì í parí sí ara lọ́jọ́ tí a kọ́ ọ. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó lọ sílé, tó jẹun, tó sì sùn, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń to ohun tó kọ́ jọ. Ìdí nìyí tí jíà tó ń ṣe agídí sí i lánàá fi máa ń wọlé wẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tuntun. Láti ọdún 1885, tí Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìrántí jáde, ni àwọn onímọ̀ ti ń rí i léraléra pé ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń pẹ́ lára èèyàn ju ohun tí a rọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Ìwádìí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù lọ ni èyí tí àwọn olùwádìí méjì, Baddeley àti Longman, gbé jáde ní ọdún 1978 nípa àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tẹ lẹ́tà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (táípù). Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí. Àwọn kan ń kọ́ ọ fún wákàtí kan péré lóòjọ́. Àwọn mìíràn ń ṣe wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin, bíi ti wàràǹṣeṣà tí wọ́n fi lọ̀ yín. Ọjọ́ tí àwọn oníwákàtí kan lò pọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí tí wọ́n nílò kí iṣẹ́ náà tó yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kéré gan-an sí ti àwọn oníwákàtí mẹ́rin. Apá tó wù wá jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n béèrè bí ètò kálukú ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí, àwọn oníwákàtí kan yìí gan-an ni inú wọn kò dùn tó, nítorí lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà ń falẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í gbá èèyàn sí gọ́tà, a kò sì lè fi ọkọ̀ wé e nínú ohun gbogbo. Síbẹ̀, ẹ fi sọ́kàn pé ìdùnnú pé “mo ti parí” lè wà lára ẹni tí iṣẹ́ kò tíì wọ̀ lára, òun sì ni ilé ẹ̀kọ́ ń tà nígbà tí ó bá ń polówó ọjọ́ mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wákàtí mẹ́rin ṣe ń rí fún ẹni tí kò wakọ̀ rí. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ wà lọ́nà, etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, bó bá sì fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn èyí tí a ń tẹ̀ kí a tó yí jíà, yóò tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, yóò sì rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di wákàtí kẹta, ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń gbọ̀n. Yóò já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí ó tó tó àkókò, ọkọ̀ yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì kú pii láàárín títì. Kọ́rópe tó wà lẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, ọlọ́kadà méjì yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì kọjá, ojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì kúrò lọ́nà, yóò wálẹ̀ sí ìdí jíà. Láti ìgbà náà lọ, ìbẹ̀rù nìkan ló ń kọ́. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò ní kí ó pàákì kí ó sinmi, ṣùgbọ́n àkókò ìsinmi náà wà nínú wákàtí mẹ́rin tí ẹ sanwó fún.

Ìṣirò wákàtí yìí gan-an tún ní ọ̀rọ̀ nínú, a ó sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n bá sọ pé wákàtí mẹ́rin, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yóò jọ wọ ọkọ̀ kan, ẹnì kan yóò máa wà á, mẹ́ta yòókù yóò jókòó máa wòran. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn lè rí ẹ̀kọ́ díẹ̀ kọ́ nínú àṣìṣe ẹlòmíràn, a kò jiyàn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ni pé: “Wákàtí mélòó ni èmi fúnra mi yóò fi jókòó sí àyè awakọ̀?” Ẹ tún béèrè bóyá ọkọ̀ wọn ní bíréèkì kejì ní ìhà olùkọ́. Ó yẹ kó ní i, nítorí ààbò. Bí ó bá ní i, ẹ máa yọjú wo ẹsẹ̀ olùkọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ bíréèkì jálẹ̀ ẹ̀kọ́ láìsọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń kánjú kó àwọn èèyàn já. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa rò pé òun ló dá ọkọ̀ dúró, kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá dá nìkan wà nínú tirẹ̀.

Èyí tó wúwo jù lójú tiwa kì í tilẹ̀ ṣe ti ọpọlọ tàbí ti àárẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé lọ́nà ni. Ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ léra lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà tí oòrùn ń ràn, ní àkókò kan náà láàárọ̀, ní títì kan náà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀. Ẹ lè gba ìwé ẹ̀rí láìtíì mọ bí wáípà ṣe ń ṣiṣẹ́, láìtíì tan iná ọkọ̀ lóru rí, láìtíì gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba kọjá nígbà tí àwọn alágbàrù àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá bá kún ojú ọ̀nà, láìtíì dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì tún gbéra láìfi ẹ̀yìn rìn. Àwọn ará Jámánì ti fi òfin mú ọ̀rọ̀ yìí. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ tí kálukú ń gbà títí yóò fi mọ̀ ọ́n, dandan ni fún ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ láti ṣe ẹ̀kọ́ àkànṣe 12, oníṣẹ́jú 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan: márùn-ún lójú ọ̀nà ìgbèríko, mẹ́rin lójú ọ̀nà márosẹ̀, mẹ́ta nínú òkùnkùn. Ọ̀nà Òṣogbo sí Ìkìrun tí ẹ ó máa tọ̀ kò ní bi yín léèrè iye wákàtí tí ẹ fi kọ́ṣẹ́. Òjò lè ká yín mọ́ orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ bá wọṣẹ́. Bí ẹ bá pín ẹ̀kọ́ yín sí ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní àsìkò òjò yìí, òjò á kúkú bá yín lẹ́nu ẹ̀kọ́, pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Kí ni kí ẹ wá ṣe, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù? Ẹ bá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀ kí wọ́n gé ètò náà bá yín mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi yín, ẹ gba wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 12. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó bá kù, ẹ gba wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. 12 mìíràn nìyẹn. Wákàtí 24 náà pé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé. Kí ìrọ̀lẹ́ mélòó kan nínú wọn wọ alẹ́, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ pé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ọ̀nà Ìkìrun ni ẹ fẹ́ máa tọ̀, lọ àti bọ̀, kì í ṣe àdúgbò ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, pé ètò ni ètò, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wà nílùú.

Ọkọ yín náà lè máa bá yín jáde láàárín ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, bí òun bá ní ìwé ìwakọ̀ tí kò tíì kọjá àkókò. Òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí lẹ́tà L hàn níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ti ní ìwé ìwakọ̀ sì jókòó tì í. A kàn rọ̀ yín, kí òun má ṣe kọ́ yín ní ohun tó yàtọ̀ sí ti olùkọ́, nítorí ìjà tọkọtaya inú ọkọ̀ mánúà kò kéré. Ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìwakọ̀ yín. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí ìwé kò tíì jáde tàbí tí ọkàn yín kò tíì balẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìkìrun fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

A kò sọ pé wàràǹṣeṣà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ti wakọ̀ rí, tó fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, lè fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra jí ọwọ́ rẹ̀ padà, nítorí kì í ṣe pé ó ń kọ́ ọ, ó ń rántí rẹ̀ ni. Ẹni tó ti mọ ọkọ̀ ọtomátíìkì wà dáadáa, tó wá fẹ́ mọ mánúà, náà wà lára wọn: ó ti mọ ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kù. Ẹ̀yin kò sí nínú àwọn wọ̀nyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, ń lọ kàwé ní ìlú Ọba ní oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní kó má wulẹ̀ fi owó ṣòfò ní Òṣogbo, pé lọ́hùn-ún, wàràǹṣeṣà ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi gba ìwé. Èmi rò pé kí ó kọ́ ọ níbí, kí ó sì mú ìwé ìwakọ̀ ilẹ̀ wa dání lọ. Ẹ bá wa dá sí i. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìgbọ̀nà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀ díẹ̀ nínú. Ẹni tó bá gbé ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà dé ìlú Ọba lè fi wa ọkọ̀ kékeré fún oṣù 12 àkọ́kọ́, bí ọkọ̀ náà bá ti ní ìbánigbófò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí pé wọ́n ń pààrọ̀ ìwé tiwa fún tiwọn. Yóò gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn, yóò ṣe ìdánwò orí ìwé, kí ó tó wá ṣe ti ojú ọ̀nà.

Ohun tí àbúrò yín kò sọ ni ibi tí wàràǹṣeṣà ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìjọba ìlú Ọba fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ níbẹ̀ máa ń lò tó wákàtí 45 lọ́dọ̀ olùkọ́, pẹ̀lú wákàtí 22 tí yóò fi gbìyànjú pẹ̀lú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, bí a bá pín in dọ́gba. Báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ wọ inú ọ̀sẹ̀ kan? Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ṣe ìdánwò ojú ọ̀nà náà ni kì í yege. Ẹni tó bá fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ 10, ó kéré tán, kọjá kí ó tó tún ṣe é, ṣùgbọ́n láti rí ọjọ́ gbà gan-an ni wàhálà, nítorí ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn kan ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ, tí kò yege, tí kò sì ní ọkọ̀ tí yóò máa fi gbìyànjú, yóò ti gbàgbé èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kí àyè tó tún yọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó lo oṣù mẹ́ta tó wà nílẹ̀ yìí láti kọ́ ọ níbí, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ó mọ kílọ́ọ̀ṣì, kí ó mọ dígí, kí ó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn. Ohun tó yàtọ̀ lọ́hùn-ún ni pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá ti gbọ́njú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ilẹ̀ wa kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ó rántí bí ó ṣe rí lójú àwọn awakọ̀ ìgbà náà. Ìyípadà yẹn ni ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ tó tẹ̀ léra kọ́ ní Manchester, pẹ̀lú olùkọ́ ibẹ̀. Wàràǹṣeṣà fún ìyẹn kò burú, nítorí yóò ti mọ ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kọ́ ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, mo sì ní ìwé ìwakọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń gbé ọkọ̀ jáde, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ti rò ó pé kí n gba Ọláìyá kọjá lọ́jọ́ iṣẹ́, àyà mi á máa já. Ṣé kí n tún lọ ṣe wàràǹṣeṣà mìíràn? Ọ̀dọ́kùnrin kan, Alékùwodò.

ÌDÁHÙN: Rárá, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé títì kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ni o mọ̀. Wá olùkọ́ tó lè jókòó láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, kí o sì san owó ẹ̀kọ́ kan péré lọ́sẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jọ gba Ọláìyá ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí afárá àti lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ gba ibẹ̀ kan náà lálẹ́. Ya ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ fún pípàákì láàárín ọkọ̀ méjì lẹ́bàá ọjà, òmíràn fún ọ̀nà Gbọ̀ngán, kí o mọ bí a ṣe ń wọ àárín àwọn ọkọ̀ tó ń sáré. Láàárín ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, dá nìkan gbé ọkọ̀ jáde, má sì jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín títì, tan iná ìkìlọ̀, fi í sí nútírà, ṣáná sí i padà, kí o sì máa lọ. Àwọn tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ, ọkọ̀ ti kú mọ́ àwọn náà lọ́wọ́ rí.

ÌBÉÈRÈ: Ilé ẹ̀kọ́ kan sọ fún mi pé bí mo bá lè san owó wàràǹṣeṣà tán lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yóò bá mi gba ìwé ìwakọ̀, n kò ní láti yọjú níbì kankan. Ṣé òótọ́ ni? Oníṣòwò, Òkè-Fíà.

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Ìwé ẹ̀rí pé ẹ kọ́ṣẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ lè fún yín, bí ó bá jẹ́ èyí tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fọwọ́ sí. Àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ló ń dán awakọ̀ wò, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì jókòó kí wọ́n ya àwòrán yín, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka yín, kí ẹ sì buwọ́ lùwé. Ìka ẹlòmíràn kò lè bá yín ṣe ìyẹn. Bí ẹ kò bá tíì san owó náà, ẹ má san án. Bí ẹ bá ti san án, ẹ lọ gbà á padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ẹnì kan dání lọ tí yóò gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ.